Ta Ló Máa Bá Wa Wọn Eruku Náà?

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1961 ni Nàìjíríà lé aṣojú ìjọba Faransé, Raymond Offroy, kúrò nílùú. Wákàtí 48 péré ni wọ́n fún un. Òmìnira wa ṣẹ̀ṣẹ̀ lé díẹ̀ ní oṣù mẹ́ta nígbà yẹn o. Ìjọba Tafawa Balewa tún fi kún un pé ọkọ̀ òkun Faransé kankan kò gbọdọ̀ gúnlẹ̀ sí èbúté wa mọ́, ọkọ̀ òfuurufú wọn kò sì gbọdọ̀ balẹ̀. Ohun tó fa ìbínú náà ni pé ní ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá ọdún 1960, Faransé yin àdó olóró átọ́ọ̀mù kẹta nínú aṣálẹ̀ Sàhárà, nítòsí Reggane ní ilẹ̀ Àlùjíríà. Wọ́n ti yin àkọ́kọ́ ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún yẹn kan náà. Agbára ti àkọ́kọ́ yẹn tó kilotọ́ọ̀nù 70, ó ju ìlọ́po mẹ́rin èyí tí Amẹ́ríkà jù sí Hiroshima lọ.

Tí ẹ bá ń gbé Ajégúnlẹ̀, tàbí tí ẹ ní ẹbí níbẹ̀, ẹ máa mọ bí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òkun ṣe ń kan ìkòkò ọbẹ̀. Ọdún 1926 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì parí ibi ìgúnlẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ fún ọkọ̀ ńláńlá ní Àpápá. Àwọn tó ń ru ẹrù ní wáàfù, àwọn tó ń wa kéréènì, àwọn akọ̀wé kékeré àti àwọn tó ń se oúnjẹ tà fún gbogbo wọn, Ajégúnlẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ń sùn sí. Yorùbá wà níbẹ̀, Ìjọ̀ wà níbẹ̀, Ùròbò, Ìlàjẹ, Ìgbò, kò sí ẹni tí kò sí. Kódà ọ̀rọ̀ kan náà la fi ń pè é: ọkọ̀ gúnlẹ̀ ní Àpápá, ajé gúnlẹ̀ ní ìkejì títì. Torí náà, nígbà tí ìjọba bá ní kí ọkọ̀ ìlú kan má gúnlẹ̀ mọ́, ẹnì kan wà ní Ajégúnlẹ̀ tí owó ọjọ́ rẹ̀ máa dín. Kò sì pẹ́ tí wọ́n fi dẹ òfin náà, torí ó ń pa àwọn aládùúgbò wa tí kò ní òkun lára ju bó ṣe ń pa Paris lọ.

Ìtàn òṣèlú ni wọ́n sábà máa ń pe ìtàn yìí, wọ́n á kà á, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún Balewa, ó parí. Èmi rò pé ìtàn sáyẹ́ǹsì ni. Ibẹ̀ gan-an ni ìmọ̀ fisíìsì núkílíà ti wọlé tọ̀ wá, kì í ṣe bí ohun àmúyangàn, bí ìbéèrè ni: kí ló wà nínú eruku yìí?

Oṣù Kejìlá àti oṣù Kejì, ìgbà ọyẹ́ ni. Gbogbo wa la mọ ibi tí ọyẹ́ ti ń wá. Atẹ́gùn á gbé e láti inú aṣálẹ̀, á gba Kánò, á gba Ìlọrin, á sì dé Èkó pẹ̀lú ètè tó ń là àti eruku funfun lórí fèrèsé. Kí wọ́n tó yin àdó àkọ́kọ́ rárá ni àwọn mínísítà Nàìjíríà ti lọ sí London lọ́dún 1959 láti fẹ̀hónú hàn. Àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ kan, tí àlùfáà Michael Scott àti Bayard Rustin ọmọ Amẹ́ríkà wà lára wọn, tilẹ̀ gbéra láti Gánà pé àwọn máa wakọ̀ wọ inú aṣálẹ̀ lọ jókòó síbi tí wọ́n fẹ́ yin àdó náà sí. Àwọn ọmọ ogun Faransé dá wọn padà ní Upper Volta, tí à ń pè ní Burkina Faso lónìí.

Ìdáhùn tí Paris fún gbogbo ayé ni pé kò séwu, ibẹ̀ jìnnà sí èèyàn, kò sí nǹkan tó máa ṣe ẹnikẹ́ni. London náà ń sọ ohun tó jọ ọ́, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni ọmọ Nàìjíríà ṣe máa mọ̀ bóyá òótọ́ ni? Ìtànṣán kì í rùn, kò láwọ̀, kì í ta lẹ́nu. Ẹ lè gbá eruku náà jọ sínú abọ́, kẹ́ ẹ máa wò ó títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní bá yín sọ̀rọ̀. Ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ohùn rẹ̀ nìkan ló lè sọ. Wọ́n gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ káàkiri Nàìjíríà lóòótọ́ láti máa wọn ohun tó ń já bọ́, àmọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló mú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àti ìmọ̀ náà wá. Ìlú tó fẹ́ gba òmìnira ń bi ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ léèrè bóyá ọ̀rẹ́ ọ̀gá náà ń pa á lára. Ìdáhùn tí wọ́n fún wa lè jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé o. A ò kàn lágbára láti yẹ̀ ẹ́ wò ni.

Lásìkò yẹn, Nàìjíríà kò tíì ní yunifásítì tó ń fi orúkọ ara rẹ̀ fúnni ní oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ yìí. Wọ́n dá kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn sílẹ̀ lọ́dún 1948, àmọ́ abẹ́ Yunifásítì London ló wà títí di 1962. Ní 1964, ìjọba àpapọ̀ dá ilé-iṣẹ́ tó ń rí sí ààbò lọ́wọ́ ìtànṣán sílẹ̀, Federal Radiation Protection Service. Inú ẹ̀ka fisíìsì ní Yunifásítì Ìbàdàn ni wọ́n fi í sí, kì í ṣe inú ọ́fíìsì mínísítà kan ní Èkó. Ọdún yẹn kan náà ni Nàìjíríà di ọmọ ẹgbẹ́ àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ átọ́ọ̀mù, IAEA. Mo fẹ́ràn ibi tí wọ́n fi ilé-iṣẹ́ yẹn sí. Ó túmọ̀ sí pé ibi tí wọ́n ti ń wọn ewu ni ibi tí wọ́n ti ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́.

Kí ni akẹ́kọ̀ọ́ irú ìmọ̀ yìí ń ṣe gan-an? Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìṣirò orí pátákó ni. Àwọn tó ń fi ìṣirò nìkan ṣe é wà, wọ́n sì ń gbádùn ara wọn, bébà àti bírò ti tó wọn. Ẹni tó bá yan ti àyẹ̀wò ti fẹ́ ẹ̀rọ níyàwó. Ẹ mú erùpẹ̀ díẹ̀, ẹ gbé e sórí kírísítà sodium iodide. Ní gbogbo ìgbà tí ìtànṣán kan bá jáde láti inú erùpẹ̀ náà tó sì kan kírísítà, iná bíńtín á ṣẹ́jú nínú rẹ̀; ẹ̀rọ á ka ìṣẹ́jú náà, á sì wọn bó ṣe tàn tó. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan nínú àwọn ohun tó ń tú ìtànṣán ní ohùn tirẹ̀, bí ìlù Ṣàngó ò ṣe jọ ti Ọbàtálá. Potassium tó wà nínú ilẹ̀ gbogbo ayé, tó wà nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti nínú egungun wa, ohùn rẹ̀ wà ní 1460 keV. Cesium-137, tí àdó olóró máa ń fọ́n káàkiri, wà ní 662. Tẹ́ ẹ bá rí òkè kan ní 662 lórí àwòrán yín, ẹ ti mọ̀ pé èèyàn ló fà á, kì í ṣe Ọlọ́run.

Àmọ́ òkè náà lè kéré débi pé á fara pa mọ́ sáàárín ariwo. Torí náà, wọ́n á fi erùpẹ̀ sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ fún wákàtí mẹ́wàá, nígbà míì ọjọ́ kan gbáko. Wọ́n á tún ka abọ́ òfìfo fún iye wákàtí kan náà, láti mọ ariwo tí ilé fúnra rẹ̀ ń pa. Tí ìwọ̀n iná mànàmáná bá lọ sókè sódò láàárín ìyẹn, òkè 662 á ṣí kúrò láyè rẹ̀, gbogbo òru yẹn ti ṣòfò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ NEPA, ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ẹ̀rọ tó dáa ju ti sodium iodide lọ, èyí tí wọ́n fi germanium ṣe, gbọ́dọ̀ tutù kó tó ṣiṣẹ́, ó sì jẹ́ nitrogen olómi, tí òtútù rẹ̀ tó 196 lábẹ́ òdo, ni wọ́n sábà máa ń dà sí i. Ẹ wá nitrogen olómi rí nílùú tí omi ẹ̀rọ gan-an ti ṣọ̀wọ́n?

Ẹ má rò pé tiwa nìkan ló rí bẹ́ẹ̀. Inú ahéré tí òjò ń jò sí ni Marie Curie ti ṣe iṣẹ́ tó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Paris lọ́dún 1903. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé lọ́dún 1903, ahéré àti ẹ̀rọ kékeré lè gbéni dé iwájú gbogbo ayé. Nígbà tó fi máa di 1932, tí Cockcroft àti Walton lo agbára iná ńlá láti la inú átọ́ọ̀mù lithium ní Cambridge, ìdíje ti di ti ẹni tó ní ẹ̀rọ tó tóbi jù. Inú ìdíje yẹn la wọ̀ lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, lọ́wọ́ òfìfo.

Síbẹ̀, àwọn èèyàn Ìbàdàn kò dúró de ẹ̀rọ ńlá. Ohun tí wọ́n ní ni wọ́n lò. Wọ́n wọn ilẹ̀ ìlú kan tẹ̀ lé ìkejì. Ní ọdún 2000, Farai àti Jibiri tẹ ìwọ̀n ìtànṣán tó ń jáde láti inú ilẹ̀ káàkiri Nàìjíríà, iṣẹ́ tí àwọn mìíràn lè máa fi ṣe òdiwọ̀n títí dòní. Wọ́n lọ sí Jos, níbi tí òkìtì àfọ́kù ibi ìwakùsà tánganran ti ń tú ìtànṣán ju ilẹ̀ lásán lọ. Irú iṣẹ́ yìí kì í jáde nínú tẹlifíṣọ̀n. Kò sí ẹni tó máa fún un ní ẹ̀bùn Nobel. Àmọ́ tí ẹnì kan bá bi yín lọ́la pé ṣé ilẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ kọ́lé sí dáa, irú ìwé yìí ni ìdáhùn wà.

Ọdún 1988 ló fi hàn wá bí àìní irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ ní pípọ̀ ṣe lè jẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tó wà ní Ítálì ló kọ̀wé sílé pé àwọn kan ti ń kó ẹ̀gbin olóró láti Ítálì wá sí Kókó, èbúté kékeré kan tó wà nínú Ìpínlẹ̀ Delta lónìí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbá ló wà nínú ọgbà onílẹ̀ kan, àwọn èèyàn sì ń da kẹ́míkà inú àgbá míì nù kí wọ́n lè fi í pọnmi. Lára ohun àkọ́kọ́ tí gbogbo ìlú ń béèrè ni pé ṣé ìtànṣán wà nínú rẹ̀. Wọ́n ké sí àwọn amòye láti Amẹ́ríkà àti Ìlú Ọba. PCB àti àwọn kẹ́míkà olóró mìíràn ni ìṣòro gidi. Ṣé ẹ rí i? Ọdún 28 ti kọjá lẹ́yìn àdó Faransé, a ṣì ń ké sí òkè òkun kí wọ́n wá sọ ohun tó wà nínú ọgbà wa fún wa. Ìjọba ṣe òfin lórí ẹ̀gbin olóró lọ́dún yẹn kan náà. Ní 1995, wọ́n tún ṣe òfin tó dá àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ ìtànṣán sílẹ̀, àjọ náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2001. Shamsideen Elegba, onímọ̀ fisíìsì tó ti ṣiṣẹ́ ní Zaria, ni ọ̀gá àgbà rẹ̀ àkọ́kọ́.

Zaria àti Ifẹ̀: ibẹ̀ ni ìrètí ẹ̀rọ ńlá wà. Ní 1976, nígbà tí owó epo ń wọlé, ìjọba ológun ṣe òfin tó dá àjọ átọ́ọ̀mù Nàìjíríà sílẹ̀. Lásìkò kan náà ni wọ́n dá ibùdó ìwádìí sílẹ̀ ní yunifásítì méjèèjì, CERT ní Zaria, CERD ní Ifẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìdúró. Àjọ tí wọ́n fi òfin dá sílẹ̀ ní 1976 kò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gidi títí di 2006. Riákítọ̀ kékeré tí Ṣáínà ṣe fún Zaria, NIRR-1, tanná àkọ́kọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 2004. Ẹ̀rọ accelerator Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2008. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ tí wọ́n buwọ́ lu òfin 1976 á ti di ẹni ọdún 32, á ti dàgbà kọjá ọjọ́ orí tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń gba oyè ọ̀mọ̀wé. Gánà náà jẹ irú rẹ̀: Nkrumah fi òkúta ìpìlẹ̀ riákítọ̀ lélẹ̀ ní Kwabenya lọ́dún 1964, wọ́n gbàjọba lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1966, ó sì di 1994 kí Gánà tó rí riákítọ̀, èyí tó tún kéré ju tàkọ́kọ́ lọ.

Ẹ̀rọ Ifẹ̀ yìí wù mí púpọ̀, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ díẹ̀. Pelletron ni wọ́n ń pè é, ilé-iṣẹ́ NEC ní Amẹ́ríkà ló ṣe é, agbára iná rẹ̀ tó mílíọ̀nù 1.7 fóòtì. Ọgbọ́n inú rẹ̀ dùn. Wọ́n á fi ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan kún ti hydrogen kó lè di òdì, àárín ẹ̀rọ tó jẹ́ rere á sì fà á mọ́ra pẹ̀lú eré. Bó bá ti dé àárín, gáàsì kan á bọ́ gbogbo ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kúrò lára rẹ̀. Òun náà ti wá di rere nìyẹn, àárín tó fà á wọlé á tì í jáde lódìkejì. Owó iná ẹ̀ẹ̀kan, eré ẹ̀ẹ̀mejì: 3.4 MeV. Tí ìtànná náà bá kọlu eruku tí wọ́n gbà sórí bébà asẹ́, òjé, irin, zinc, oníkálukú nínú eruku náà á fi ìtànṣán X tirẹ̀ dáhùn. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ ti mọ ohun tí àwọn aládùúgbò ilé-iṣẹ́ ńlá ń fà símú.

Àwọn kan máa ń fi ẹ̀rọ yìí ṣe yẹ̀yẹ́ pé kì í ṣe fisíìsì núkílíà gidi, pé irinṣẹ́ núkílíà la kàn fi ń ṣàyẹ̀wò eruku. Ọ̀rọ̀ wọn ní òótọ́ nínú. Ní CERN, agbára próótọ́ọ̀nù kan jẹ́ ìlọ́po mílíọ̀nù méjì ti Ifẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí inú átọ́ọ̀mù ṣe rí gan-an máa rìnrìn àjò. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká má fi ìrìn àjò yẹn pe ara wa ní òtòṣì, torí gbogbo ayé ló ń rìn ín. Ẹ wo Kétévi Assamagan, ọmọ Tógò. Yunifásítì Virginia ní Amẹ́ríkà ló ti gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1995, àmọ́ ẹ̀rọ tó fi wọn eré muon wà ní Switzerland. Nínú Amẹ́ríkà tó lọ́rọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ó ṣì ní láti wọkọ̀ òfuurufú lọ bá ẹ̀rọ. Ohun tí mo tún fẹ́ràn nípa rẹ̀ ni ohun tó ṣe lẹ́yìn náà: òun wà lára àwọn tó dá ilé-ẹ̀kọ́ fisíìsì Áfíríkà sílẹ̀, èyí tó ń yí láti ìlú dé ìlú. Stellenbosch ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní 2010, wọ́n dé Kumasi ní 2012, Dakar ní 2014. Ilé-ẹ̀kọ́ tó ń lọ bá ọmọ, dípò kí ọmọ máa tọ físà lẹ́yìn.

Mo fẹ́ padà sórí eruku, torí ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán. Ní oṣù Kejì ọdún 2021, eruku Sàhárà fẹ́ dé Faransé fúnra rẹ̀, ojú ọ̀run pọ́n bí epo pupa. Ẹgbẹ́ ACRO nu eruku náà lára ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, wọ́n gbé e lọ wọ̀n, wọ́n sì rí cesium-137 nínú rẹ̀. Ariwo ta. Gbogbo íntánẹ́ẹ̀tì ń rẹ́rìn-ín pé àdó tí Faransé yìn ti padà wálé wá kí wọn. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ẹ má purọ́, ó dùn. Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, eruku náà tún dé. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn onímọ̀ ní kí ará ìlú gbá a jọ káàkiri orílẹ̀-èdè mẹ́fà ní Yúróòpù, kí wọ́n fi ránṣẹ́. Wọn ò dúró lórí cesium, wọ́n wọn plutonium inú rẹ̀, torí àdó ìlú kọ̀ọ̀kan ní ìdáṣe tirẹ̀ nínú bí oríṣi plutonium méjì ṣe dà pọ̀. Nígbà tí èsì jáde ní 2025, kì í ṣe ti Faransé ló hàn níbẹ̀. Ti Amẹ́ríkà àti Soviet ni, láti inú àdó tí wọ́n yìn káàkiri ayé nígbà ogun tútù, tó ti òkè balẹ̀ sórí gbogbo ilẹ̀. Ìwọ̀n rẹ̀ kéré, kò tó ohun tó ń ṣèèyàn léṣe.

Èyí kò dá Faransé láre ní Reggane, níbi tí ilẹ̀ ṣì gbóná dòní. Àmọ́ ó yí ìbéèrè wa padà. Eruku tó bà lé orí páànù Ajégúnlẹ̀ ní ìgbà ọyẹ́ 1960, ti ta ni? Balewa kò lè mọ̀. Ìdajì cesium-137 máa ń lọ ní ọgbọ̀n ọdún, torí náà ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tó bọ́ lọ́dún 1960 ló ṣẹ́ kù ní 2020. Ó ṣì tó láti wọ̀n. Plutonium ní tiẹ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀ ìrìn rárá, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ló máa lò. Ẹ̀rọ tó máa ya oríṣi plutonium méjèèjì sọ́tọ̀ yàtọ̀ sí ti Ifẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ gbé iṣẹ́ yẹn ṣe fún oyè ọ̀mọ̀wé máa nílò láti kọ lẹ́tà sí òkè òkun. Ṣùgbọ́n ìdajì àkọ́kọ́ ṣeé ṣe nílé.

Ilẹ̀ ló máa kọ́kọ́ wá, ilẹ̀ tí wọn ò tíì gbẹ́, tí wọn ò sì tíì da iyanrìn bò láti 1960. Ìyẹn ṣòro ní Ajégúnlẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fi iyanrìn kún àbàtà kí wọ́n lè kọ́lé. Bóyá ọgbà ilé-ìwé àtijọ́ kan, bóyá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí tó ti pẹ́, bóyá itẹ́ òkú ní apá Àpápá. Á gba àyè lọ́wọ́ àwọn àgbà ibẹ̀, á ṣàlàyé pé kì í ṣe wúrà lòun ń wá. Á gbẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún lókè, kò gbọdọ̀ jìn jù. Á sá a gbẹ, á fi asẹ́ jọ̀ ọ́, á rọ ọ́ sínú ike, á dé e pa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kó tó gbé e sórí ẹ̀rọ, kó sì tan jẹnẹrétọ̀ sílẹ̀ de NEPA.